Ẹni Tó Ń Fún Afárá Ní Máàkì

Bàbá Nọ́ńbà ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é, ẹni tó sì sọ ọ́ ní orúkọ náà kò purọ́ mọ́ ọn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi gbé agolo ọ̀dà funfun àti búrọ́ọ̀ṣì kiri ìlú, tó ń kọ nọ́ńbà sára ohun gbogbo tó jẹ́ ti ará ìlú: òpó iná, ojú gọ́tà, ẹnu páìpù omi, ìjókòó abẹ́ igi níwájú ilé ìwòsàn, afárá ńlá, afárá kékeré. Bí ìlú bá ní nǹkan, tí nǹkan náà kò sì ní nọ́ńbà, a jẹ́ pé Bàbá Nọ́ńbà kò tíì dé ibẹ̀ ni. Àwọn ọ̀dọ́ ọ́fíìsì a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ènìyàn bá dúró pẹ́ jù lójú kan, yóò kun nọ́ńbà sí i lẹ́yìn. Òun náà a rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń bá a ṣeré kò pọ̀ débi tí yóò máa bínú sí wọn.

Ṣùgbọ́n ọ̀dà kíkùn kọ́ ni iṣẹ́ náà gan-an. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Máàkì ni iṣẹ́. Lọ́dọọdún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Bàbá Nọ́ńbà a mú òòlù kékeré kan, tọ́ọ̀ṣì kan àti ìwé ńlá kan tó ní èèpo aláwọ̀ ewé, a wọ bàtà rọ́bà, a sì máa yẹ ohun ìní ìlú wò lọ́kọ̀ọ̀kan. A fi òòlù kan irin, a tẹ́tí. A kan kọnkéré, a tẹ́tí. Èyí tó bá dáhùn gan-an-gan-an, ara rẹ̀ le; èyí tó bá dáhùn pò-pò, nǹkan ti jẹ ẹ́ nínú. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ máàkì sínú ìwé: márùn-ún fún ohun tuntun, mẹ́rin fún ohun tí ara rẹ̀ ṣì le, mẹ́ta fún ohun tó ti ń gbó, méjì fún ohun tó ṣì dúró àmọ́ tó ń fẹ́ àmójútó, ọ̀kan fún ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ tì pa lọ́jọ́ náà gan-an kí ó má baà pa ènìyàn. Inú máàkì yìí ni ìlú ti ń mọ ohun tí yóò tún ṣe lọ́dún tó ń bọ̀ àti èyí tó lè ní sùúrù. Ẹni tó bá ń dúró kí afárá wó kó tó tún un ṣe, òkú ni yóò kọ́kọ́ gbé.

Ní ilé, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe dùn mọ́ ọn tó. Kí ó tó bọ́ bàtà rọ́bà tán nírọ̀lẹ́, obìnrin náà a ti béèrè láti ilé ìdáná pé, "Kí lo rí lónìí?" Kì í ṣe ìbéèrè ẹnu lásán. Ó fẹ́ mọ̀ ní ti gidi. Ó mọ òpó iná tó ti tẹ̀, ó mọ gọ́tà tí iyanrìn ti dí, bí wọ́n bá sì jọ ń rìn lọ lọ́jọ́ Àìkú, yóò nàka yóò ní, "Ṣé òun nìyẹn?" bí ẹni tó rí èèyàn tí wọ́n ti ń ròyìn rẹ̀ fún un tipẹ́.

Ọdún kẹta rèé tí obìnrin náà ti kú. Àga méjì ló ṣì wà nídìí tábìlì. Ife méjì ló ṣì wà lórí pákó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan ti ní eruku nínú. Bàbá Nọ́ńbà a bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, a dúró díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pè. Kò sẹ́ni tó pè é. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, obìnrin, ìlú òkèèrè ló ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló sì máa ń pè lórí fóònù.

"Bàbá mi, ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

"Ara ńkọ́?"

"Ara le."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ, màá tún pè."

Ìṣẹ́jú mẹ́rin nìyẹn. Ó máa ń wo aago. Kì í ṣe pé ó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ sí ọmọ lọ́rùn o. Nǹkan kíkà ti mọ́ ọn lára ni.

Ẹnì kan ló kù tó ń yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, afárá onírin tó dá odò kọjá, nọ́ńbà rẹ̀ ni kẹtàdínlógún. Ní òdìkejì, ní ẹsẹ̀ afárá gẹ́lẹ́, ni ìsọ̀ ṣúmékà kan wà. Àwọn tó ń gba orí afárá lọ sí ilé ìwé àti ilé ìwòsàn ni oníbàárà rẹ̀: bàtà á já lẹ́sẹ̀ wọn, wọn á sì ko ṣúmékà lọ́nà. Ọkùnrin náà ti kọjá àádọ́rin ọdún, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò sì gbé e dáadáa. Síbẹ̀, bó bá ti di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, a ti ìsọ̀ rẹ̀, a mú ọ̀pá, a sì fi ẹsẹ̀ kan ààbọ̀ gba orí afárá wá mu tíì lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kì í jókòó sórí àga olóògbé. Àpótí kékeré kan tó gbé wá láti ìsọ̀ ló máa ń jókòó lé, ẹnì kankan kò sì sọ fún un pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

"Nọ́ńbà, mélòó lo fún tíì yìí?"

"Mẹ́ta."

"Mẹ́ta kẹ̀? Omi gbígbóná lásán! Èmi alára ńkọ́, mélòó lo fún mi?"

Bàbá Nọ́ńbà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì tún wo ẹsẹ̀ òsì náà lẹ́ẹ̀kan sí i. "Méjì."

"O ò ní kú're! Kí ló ń jẹ́ méjì?"

"Ó ṣì dúró, àmọ́ kò yẹ kí wọ́n fi í sílẹ̀ lóun nìkan."

Ṣúmékà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. "Ìwọ náà, kí lo rò pé o gbà? Méjì náà ni. Gbé bàtà dúdú rẹ tí o fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ ìfẹ̀yìntì wá, jẹ́ kí n bá ẹ pààrọ̀ ìsàlẹ̀ ẹ̀. O ò lè fi ìtẹ̀lẹ̀ tó lu lọ bọ ọ̀gá lọ́wọ́."

Bí bàtà náà ṣe dé òdìkejì odò nìyẹn, nígbà tó ku oṣù kan kí Bàbá Nọ́ńbà fẹ̀yìn tì.

Ní oṣù yẹn kan náà ni Ẹnjiníà, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá tuntun ní ilé iṣẹ́, parí ètò ọlọ́dún mẹ́wàá. Gbogbo máàkì tí Bàbá Nọ́ńbà kọ láti ìgbà pípẹ́ ni wọ́n ti kó sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ náà a wo bí nǹkan ṣe ń gbó lọ́dọọdún, a sì to gbogbo rẹ̀: èyí tí a ó tún ṣe lọ́dún kìíní, èyí tí a ó tún ṣe lọ́dún kejì, títí dé ọdún kẹwàá. Ọlọ́gbọ́n ni ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n afọ́jú ni. Ojú Bàbá Nọ́ńbà ló fi ń ríran. Ìdí nìyẹn tí Ẹnjiníà fi tẹ àkójọ náà jáde, tó gbé e fún un pé kí ó kà á, kí ó sì fọwọ́ sí i kí wọ́n tó fòǹtẹ̀ lù ú.

Ọjọ́ méjì ló fi kà á. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ló dé orí afárá ẹlẹ́sẹ̀. *Kẹtàdínlógún. Mẹ́rin. Ọjọ́ tí a wọ abẹ́ rẹ̀ kẹ́yìn: ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kejì*, àti ọdún náà. Kò sí orúkọ afárá náà nínú iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá tó ń bọ̀. Kò sì lè sí níbẹ̀, nítorí ara rẹ̀ le.

Ọwọ́ Bàbá Nọ́ńbà dúró lórí ìwé. Ó mọ ọjọ́ náà. Kò wọ abẹ́ afárá kankan lọ́jọ́ náà.

Òfin iṣẹ́ wọn ni pé ohun tó bá gba mẹ́rin, ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń wọ abẹ́ rẹ̀. Láàárín ìyẹn, orí rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wò. Ọdún tí ó kan abẹ́ Afárá Kẹtàdínlógún ni ìyàwó rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn. Afárá náà nìkan ló kù nínú ìwé, ọ̀la sì ni ìwé gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì. Láti àárọ̀ ló ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ẹnu ọ̀nà yàrá àwọn aláìsàn, tí nọ́ọ̀sì ń sọ fún un pé kí ó ṣe sùúrù. Ó ṣí ìwé sórí itan, ó wo ohun tó kọ ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ó sì dà á kọ. Mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yẹn ni, láàárín ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Bí wọ́n ṣe jẹ́ kó wọlé nírọ̀lẹ́, ohùn ìyàwó rẹ̀ kò ju èémí lọ. "Kí lo rí lónìí?"

Obìnrin náà kò fẹ́ kí ó tìtorí òun fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ti kìlọ̀ bẹ́ẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀mẹta. "Afárá wa ni," ni Bàbá Nọ́ńbà wí. "Mo wọ abẹ́ ẹ̀. Ara ẹ̀ le. Mẹ́rin."

"Ó dáa," ni obìnrin náà wí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣúmékà á lè máa wá bá ẹ ṣeré."

Kò lo ọ̀sẹ̀ náà tán. Lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá Nọ́ńbà kò rántí pé òun kọ mẹ́rin kankan. Tàbí ó rántí, tí kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ dúró níbẹ̀. Ìròyìn ìkẹyìn tó fún ìyàwó rẹ̀, tí obìnrin náà fi ọkàn balẹ̀ lọ, irọ́ ni. Ta ló fẹ́ padà lọ wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Kò fọwọ́ sí ìwé. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó wọ bàtà rọ́bà, ó sọ̀ kalẹ̀ sétí odò. Omi ti fà. Ọ̀rá àti igò ló kún ibẹ̀. Ó fi orúnkún rìn wọ abẹ́ afárá títí dé ibi tí ìtì irin gbé gorí ògiri, níbi tí omi òjò ti ń sun sí i lára láti ọdún púpọ̀ wá. Ó tan tọ́ọ̀ṣì. Ó gbé òòlù, ó kàn án.

Pò.

Èèpo ìpẹtà kan tó tóbi bí àtẹ́lẹwọ́ já bọ́ sínú omi. Ó fi ìka ti ojú ibẹ̀, ìka náà sì wọlé. Lókè orí rẹ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé ń sáré kọjá, kò-kò-kò-kò, eruku irin sì ń bọ́ sí i lójú. Ó fẹ́ pariwo pé kí wọ́n má sáré, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rù kí wọ́n má lọ dúró wò ó, kí gbogbo wọn sì kó ara jọ sójú kan. Ó dúró lórí orúnkún títí wọ́n fi kọjá tán. Kí n má purọ́ fún yín, bàbá náà sọkún níbẹ̀. "Ìyá ọmọ mi," ló ń wí, "mo purọ́ fún ẹ."

Nígbà tó dé iwájú Ẹnjiníà, ẹrẹ̀ ṣì wà lórúnkún rẹ̀.

"Ẹnjiníà, ẹ ní kí wọ́n lọ ti Afárá Kẹtàdínlógún pa báyìí. Ọ̀kan ni."

"Ọ̀kan? Mẹ́rin ló wà níbí o, Bàbá."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo kọ ọ́. N ò dé ibẹ̀ lọ́jọ́ yẹn."

Ẹnjiníà gbé fóònù, ó rán àwọn òṣìṣẹ́ lọ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde lọ ti ilẹ̀kùn, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù fún yín. Ẹ kọ ọ̀kan tòní sílẹ̀, ó tán. Kò sẹ́ni tó máa bi yín léèrè ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn."

"Ẹ̀rọ yín máa bi mí."

"Báwo?"

"Bí mo bá fi mẹ́rin yẹn sílẹ̀, á rò pé afárá onírin lè ti orí mẹ́rin já sí ọ̀kan láàárín ọdún mẹ́ta. Afárá onírin mọ́kànlá la ní. Ojú tó bá fi wo ẹyọ kan ló máa fi wo gbogbo ẹ̀. Á ní kí ẹ wó èyí tó ṣì le tún kọ́, owó á sì tán kó tó kan èyí tó ń kú lọ. Máàkì yẹn ò gbọdọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ pa á rẹ́, kí ẹ sì kọ ìdí ẹ̀ síbẹ̀."

Ẹnjiníà mú bíírò. "Ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ṣe fún yín?"

"Mo mọ̀."

Wọ́n sì ṣe é. Wọ́n fún un ní ìwé kúérì, wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ méjì lọ tún gbogbo ohun tó yẹ̀ wò lọ́dún náà yẹ̀ wò. Wọn kò rí irọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n wọ́n fagi lé ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì, ọ̀rọ̀ ìdágbére àti aago ògiri tí wọ́n fẹ́ fi ta á lọ́rẹ.

Gbogbo ìyẹn kò dùn ún tó ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ti afárá pa. Àwọn òṣìṣẹ́ ti kan páànù dí ẹnu afárá ní ìhà méjèèjì. Ní aago márùn-ún, Ṣúmékà dúró sí ti òdìkejì pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Bàbá Nọ́ńbà dúró sí ti ìhín.

"Nọ́ńbà! Ta ló ti afárá?"

"Èmi ni. Ọ̀kan ló gbà."

"Ìrọ̀lẹ́ àná tí mo gba orí ẹ̀ kọjá ńkọ́? Mélòó ló gbà?"

Bàbá Nọ́ńbà kò lè parọ́ mọ́. Ó pariwo òtítọ́ sórí omi, bó ṣe rí gan-an: bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, ìwé, mẹ́rin tó dà kọ. Àwọn tó ń wá ọ̀nà tí wọn yóò gbà kọjá dúró, wọ́n ń gbọ́.

"Ọdún mẹ́ta!" ni Ṣúmékà wí. "Ọdún mẹ́ta lo fi ń wò mí tí mò ń fi ẹsẹ̀ burúkú yìí kọjá, o kàn ń po tíì dè mí. O ò wo abẹ́ ẹ̀. Ìgbà tó wá wù ẹ́, o tì í. Ta ló máa gbé bàtà wá fún mi báyìí? Ẹja?"

Ó yí padà, ó sì wọ ìsọ̀ rẹ̀ lọ.

Wọ́n ní olóòótọ́ ìlú ni ìkà ìlú. Ti Bàbá Nọ́ńbà tiẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: kò tètè ṣòótọ́, kò sì purọ́ dópin, ìhà méjèèjì ni wọ́n ti ń bá a wí. Nínú àkójọ tuntun, ọdún kẹta ni wọ́n fi Afárá Kẹtàdínlógún sí, nítorí àwọn páìpù kan wà tí ọ̀rọ̀ tiwọn ò lè dúró. Bó bá jẹ́ òun ni wọ́n bi, ibẹ̀ náà ni ìbá fi í sí.

Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì, ó dá òòlù, tọ́ọ̀ṣì àti ìwé aláwọ̀ ewé padà. Akọ̀wé tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní kí ó fọwọ́ sí i pé òun ti dá a padà, ó sì fọwọ́ sí i. Sálúbàtà ló wọ̀ lọ, nítorí bàtà dúdú rẹ̀ wà lódìkejì odò. Ẹnjiníà sin ín dé ẹnu géètì, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì sáré padà sẹ́nu iṣẹ́.

Láti ìgbà náà, ọjọ́ wá gùn. Bí ó bá jáde lọ ra búrẹ́dì, ojú rẹ̀ a ṣì máa wo òpó iná, a ní mẹ́ta nínú ara rẹ̀, a sì rántí pé kò sẹ́ni tó ń gba máàkì náà lọ́wọ́ òun mọ́. Ní aago márùn-ún, a gbé omi kaná. Àpótí ṣúmékà wà lójú kan náà. Ó wọ ọkọ̀ méjì lọ sí òdìkejì lẹ́ẹ̀mejì, nítorí afárá ọkọ̀ jìnnà gan-an. Lẹ́ẹ̀kíní, ó bá ìsọ̀ ní títì. Lẹ́ẹ̀kejì, ó gbọ́ rédíò nínú ìsọ̀ náà. Ó kan ilẹ̀kùn, ó ní, "Èmi ni." Ẹni tó wà nínú rẹ̀ pa rédíò náà. Bàbá Nọ́ńbà dúró níbẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó, ó sì wọ ọkọ̀ méjì padà wálé. Ó dùn ún wọra. Àdáwà ti ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, ikú ló fà á. Ti èyí, ọwọ́ ara rẹ̀ ni.

Oṣù kẹrin ìfẹ̀yìntì ni ẹnì kan kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́sàn-án. Tíṣà obìnrin kan ni, láti ilé ìwé òdìkejì odò, tó ń gbé ní àdúgbò rẹ̀, tó sì ń wọ ọkọ̀ méjì báyìí lójoojúmọ́. Ọ̀rá dúdú kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kú ilé, Bàbá. Ṣúmékà ní kí n fún yín."

Bàtà dúdú náà ni, wọ́n ti kùn ún, ó ń dán.

"Ó ránṣẹ́ kankan?"

"Kò sọ nǹkan kan o. Ó ṣáà ní kí ẹ yẹ abẹ́ ẹ̀ wò kí ẹ tó wọ̀ ọ́."

Nígbà tí tíṣà lọ tán, Bàbá Nọ́ńbà jókòó sórí àpótí kékeré náà, ó sì dojú bàtà dé. Ìtẹ̀lẹ̀ tuntun ni, awọ tó nípọn, rírán rẹ̀ ṣe déédéé. Márùn-ún ni, ojú afọ́jú pàápàá á rí i. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ 2 gàdàgbà sí i, sí ọ̀tún àti sí òsì.

Ó wò ó títí ojú rẹ̀ fi ṣú. Lẹ́yìn náà, ó wọ bàtà náà, ó mú páálí tíì kan lórí tábìlì, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì forí lé ọ̀nà ibùdókọ̀. Kí ó tó dé ibẹ̀, ilẹ̀ ti nu ṣọ́ọ̀kì náà kúrò, ṣùgbọ́n ó ti kà á.